Nígbà Tí Kíláàsì Bá Di Ojú Agbo

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ gírámà èdè Faransé, kò sí èyí tí ó ń sú olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó « discours indirect », èyíinì ni bí a ṣe ń ròyìn ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn sọ. Ìwé a máa tò ó sínú àtẹ: « je » yóò di « il », « demain » yóò di « le lendemain », « viendrai » yóò di « viendrait ». Àwọn ọmọ a dà á kọ, wọn a há a sórí, wọn a sì gbàgbé rẹ̀ kí oṣù tó parí. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní agbègbè Kétu, mo sì ti kọ àtẹ yẹn sára pátákó dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ mi lè kọ ọ́ bí mo tilẹ̀ ń tòògbé.

Ní ọdún kan, nínú kíláàsì « troisième » tí ọmọ 62 wà, tí wọ́n jókòó ní mẹ́ta mẹ́ta lórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì, mo pa àtẹ náà rẹ́. Mo fi ọmọkùnrin kan ṣe olóyè ní Kétu, mo fi òmíràn ṣe ìránṣẹ́, mo sì ní kí ọmọ márùn-ún jẹ́ ẹbí ìyàwó olóyè ní Ìmẹ̀kọ, ní ayé ìgbà tí ibodè kò tíì pín wa sí méjì. Olóyè sọ fún ìránṣẹ́ pé: « Va leur dire ceci : je viendrai demain. » Ìránṣẹ́ gbéra. Kí ọ̀nà lè jìn bí ó ti yẹ, mo ní kí gbogbo kíláàsì dijú kí ilẹ̀ lè ṣú, kí ọ̀kan nínú wọn sì kọ bí àkùkọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí ìránṣẹ́ dé Ìmẹ̀kọ ní ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí wọn, ó ní: « Le chef a dit qu'il viendra demain. » Àwọn àna fọkàn balẹ̀, ọ̀la ṣì jìn. Àfi bí olóyè ṣe wọlé lójijì tòun ti agboòrùn rẹ̀, èyí tí í ṣe ìwé àjákọ tí ọmọ kan nà sókè lórí rẹ̀. Kò sí oúnjẹ, kò sí àga, wọn kò tíì gbálẹ̀ pàápàá. Ọmọbìnrin tí ó ń ṣe ìyá ìyàwó, ẹni tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ ní kíláàsì láti ìgbà tí ilé-ìwé ti wọlé, dìde, ó fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó sì kọjú sí ìránṣẹ́ ní èdè Yorùbá: « Ọ̀la tí wọ́n wí lánàá, ṣebí òní ni! O ti dójú tì wá. »

Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ti sọ òfin gírámà náà tán, ó sì sọ ọ́ ju bí ìwé ti sọ ọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ tí a sọ lánàá kò lè rìn wọ òní kí ó má pa aṣọ dà. Ìyẹn gan-an ni « le lendemain ».

Ìránṣẹ́ kejì fẹ́ tún nǹkan ṣe. Ó sọ ọ́ bí ìwé ti wí: « Il a dit qu'il viendrait. » Bàbá ìyàwó bi í pé: « Qui, il ? » Ta ni yóò wá? Ṣé olóyè fúnra rẹ̀ ni, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀? Ìránṣẹ́ dúró, ó ń wò. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó ní: « Monsieur, èdè tiwa kì í ṣe báyìí. » Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ náà rí. Bí a bá sọ ní Yorùbá pé « Ó ní òun ń bọ̀ », kò sí ẹni tí yóò béèrè ẹni tí ń bọ̀: ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni. Bí a bá sì sọ pé « Ó ní ó ń bọ̀ », a mọ̀ pé ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ kàn. « Òun » àti « ó » ti parí ẹjọ́ tí « il » kan ṣoṣo kò lè parí. Èmi tí mo ka èdè Faransé dé yunifásítì, kò sí olùkọ́ kan tí ó fi èyí hàn mí rí. Ọmọ náà kò sì kà á nínú ìwé kankan. Ẹsẹ̀ ìránṣẹ́ tí ó fi dúró níwájú àwọn àna ni ó mú un rí i, nítorí pé ẹni tí a rán níṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí iṣẹ́ náà rú lójú.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí mo ń wá nínú eré. N kò wá bí kíláàsì yóò ṣe dùn. Adùn ni èyí tí ó kéré jù nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń wá ni ọ̀nà tí ìmọ̀ tí ọmọ gbé láti ilé wá yóò fi wọ inú kíláàsì, kí ó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Àwọn tí wọ́n lọ sí ilé-ìwé ní ìgbà tiwa mọ ìdí tí ìmọ̀ náà fi ń dúró sí ìta. Wọ́n mọ ohun tí à ń pè ní « signal »: egungun, tàbí ìkarahun ìgbín, tàbí ègé igi tí a fi okùn so, tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá tàbí Fọ̀n tàbí Gùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ó wà lọ́rùn rẹ̀ ní láti ṣọ́ ẹlòmíràn kí ó tó lè bọ́ ọ. Ẹni tí ó bá sì kù mọ́ lọ́rùn nígbà tí agogo bá lù ni yóò jẹ pàṣán. Ìtìjú ni wọ́n rò pé àwọn fi ń kọ́ wa ní Faransé. Ìṣọ́ra ni a kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ibẹ̀ jáde pẹ̀lú Faransé tí ó dán, àti ìbẹ̀rù láti lanu níwájú ènìyàn. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ lónìí kò gbé egungun kankan kọ́ ọrùn, ṣùgbọ́n bí o bá pe ọ̀kan nínú wọn sí iwájú pátákó kí ó sọ gbólóhùn mẹ́ta ní Faransé, wàá rí i pé okùn náà ṣì wà níbì kan nínú ọ̀fun. Ẹ̀rù ẹ̀rín ni. Nínú eré, ẹ̀rín ti ní ibi tí yóò bà lé: bí ìránṣẹ́ bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ìránṣẹ́ ni a ń rín, kì í ṣe ọmọ Lágbájá. Ọmọbìnrin tí ó bá ìránṣẹ́ wí ní Yorùbá lọ́jọ́ náà tún ìbáwí náà ṣe ní Faransé ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Àṣìṣe mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹnì kan tí ó kà á àfi èmi, nítorí inú ń bí i dáadáa, ìbínú náà sì yé gbogbo ènìyàn.

Bí mo ṣe ń ṣe é kò ní àṣírí. Mo ń pín wọn sí ọ̀wọ́ ẹni mẹ́fà tàbí méje, mo ń fún wọn ní ọ̀ràn kan tí ó ní ìdíwọ́ nínú, nítorí pé eré tí gbogbo ènìyàn ti fohùn ṣọ̀kan nínú rẹ̀ kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n ní láti gbìmọ̀, ní èdè tí ó bá wù wọ́n. Lẹ́yìn náà wọn yóò ṣe é ní Faransé, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré. Bí mo bá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo wọn dúró bí ère; kíláàsì yóò sì bi ẹni tí ó bá wù ú léèrè ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tí a bi kò gbọdọ̀ dáhùn bí ara rẹ̀. Bí olóyè, bí ìyá ìyàwó, bí ìránṣẹ́ ni yóò dáhùn. Ibí yìí ni iṣẹ́ náà wà jù lọ, ibẹ̀ ni mo sì máa ń gbọ́ àwọn gbólóhùn Faransé tí ó gùn jù, nítorí pé ènìyàn tí ó bá ń gbèjà ara rẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ méjì parí rẹ̀. Aṣọ eré kò sí. Gèlè kan tó, igi ìgbálẹ̀ kan tó.

Kò yẹ kí èyí jẹ́ àjèjì sí wa ní Kétu. Ìlú tí ó ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ní láti lọ yá ọgbọ́n yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lóru, Ẹ̀fẹ̀ a jáde, a máa fi orin tú àṣírí olè, alágbèrè àti olóyè tí ó jẹ owó ìlú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọdé tí kò ju ọdún mẹ́jọ lọ ti mọ ohun tí a kì í ṣe, kò sì sí ẹni tí ó nà án kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin ni ń wọ aṣọ obìnrin, tí ń di bàǹtẹ̀ àti oríṣiríṣi ìró mọ́ ìdí, tí ń gbé ère sórí láti fi bu ọlá fún àwọn ìyá wa. A ti mọ̀ láti ìgbà láéláé pé ènìyàn lè wọ ara ẹlòmíràn láti fi mọ iyì rẹ̀. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó sì fi í sínú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé ní 2008, fún Benin, Nàìjíríà àti Togo lápapọ̀. Inú wa dùn. Síbẹ̀, ilé-ìwé tí ó wà ní ìdajì kìlómítà sí agbo náà ṣì ń kọ́ni bí ẹni pé ọmọ kò rí ohunkóhun rí kí ó tó wọ ẹnu ọ̀nà. (Kí n sọ èyí kí ó yé ara wa: n kì í gbé ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wọ kíláàsì. Ó ní àwọn tí ó ni ín, ó sì ní ìgbà tirẹ̀. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni mo yá.)

Àwọn Faransé pàápàá ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ọmọ ilẹ̀ wa mọ eré í ṣe. Ní ilé-ìwé William Ponty ní Gorée, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ àti akọ̀wé fún gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Dàhòmì ṣe eré kan ní 1933 lórí ìpàdé ìkẹyìn láàrin Béhanzin àti Bayol, aṣojú ìjọba Faransé. Ní 1937, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ponty gbé eré lọ sí Paris, sí Théâtre des Champs-Élysées. « Sokamé », eré àwọn ọmọ Dàhòmì, wà nínú rẹ̀. Ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n mo máa ń ronú lé ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún. Wọ́n rán àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọ̀nyẹn lọ sílé ní ìsinmi kí wọ́n lọ kọ àṣà àwọn òbí wọn sílẹ̀, kí wọ́n fi Faransé ṣe é ní eré, kí aláṣẹ lè wò ó kí ó sì pàtẹ́wọ́. Ìdájọ́ èdè àti ìwà wà lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó síwájú. Ní ìhà kejì ibodè, Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládípọ̀, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kí wọ́n tó di eléré, yí àga náà padà: àwọn ará ilé wọn ni wọ́n fi síwájú, èdè ilé ni wọ́n sì fi bá wọn sọ̀rọ̀. Nínú kíláàsì mi, Faransé ni a óò fi parí rẹ̀, nítorí iṣẹ́ tí ìjọba ń san owó rẹ̀ fún mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ni wọ́n jókòó síwájú.

Ohun tí ó ṣòro jù tí a ti ṣe kì í ṣe gírámà. Ẹlẹgbẹ́ mi tí ń kọ́ wọn ní ìtàn wá bá mi pé òun fẹ́ kí a jọ ṣe ìṣubú Kétu. Gbogbo ọmọ ìlú yìí mọ̀ ọ́n lápá kan: ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhòmì, lábẹ́ ọba Glèlè, dó ti ìlú, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sun ún, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn ní ìgbèkùn lọ sí Abomey. Ìlú dahoro. Nígbà tí Faransé ti borí Béhanzin, ọmọ Glèlè, nínú ogun 1892 sí 1894 ni àwọn tí ó ṣẹ́ kù tó rí ọ̀nà padà wá tún un kọ́. Yàrà àtijọ́ ṣì wà, ẹnubodè Àkàbà Ìdènà ṣì wà. Àwọn ọmọ mìíràn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí wọ́n bá ń bọ̀ ní ilé-ìwé.

Nínú kíláàsì náà, ọmọ Fọ̀n márùn-ún ni ó wà, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò. Bí a ti sọ orúkọ eré náà ni àwọn tó kù yíjú sí wọn. Kò sí ẹni tí ó béèrè, kò sí ẹni tí ó dìbò. Gbogbo ènìyàn ti gbà pé àwọn ni yóò ṣe ọmọ ogun Glèlè. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn sí ẹ̀yìn kíláàsì láti lọ mú ipò tí a kò tíì fún un. Ẹlẹgbẹ́ mi wò mí, èmi náà wò ó. A gé bébà, a kọ ipò sí i, a kà á sínú fìlà, olúkúlùkù sì mú tirẹ̀. Ọmọ Kétu mẹ́sàn-án di Dàhòmì. Ọmọbìnrin Fọ̀n kan di obìnrin Kétu tí wọ́n kó lọ.

A kò fi ogun náà ṣeré. Mo ti pinnu bẹ́ẹ̀ ṣáájú, nítorí ogun nínú kíláàsì kì í pẹ́ di ìjàkadì, àwọn ọmọkùnrin a sì gbàgbé ìtàn. Ìpadàbọ̀ ni a ṣe. Àwọn tí wọ́n ti lo ọdún méje, ọdún mẹ́jọ ní Abomey dé ẹnubodè. Àwọn ẹbí tí ó ti ṣíwájú dé dúró nínú. Ọmọ kan nínú ọ̀wọ́ náà ló béèrè nígbà ìgbìmọ̀ pé: obìnrin tí ó bá bímọ níbẹ̀ ńkọ́? Kò sí ìdáhùn nínú ìwé ìtàn tiwọn. Wọ́n wá fi ọmọbìnrin Fọ̀n yẹn sí ẹnubodè pẹ̀lú ọmọ méjì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi ọmọ Kétu kan ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí ó wà nínú. Ẹ̀gbọ́n ní kí ó wọlé. Ó ní òun àti àwọn ọmọ òun. Ẹ̀gbọ́n ní òun kò pe àwọn ọmọ. Mo pàtẹ́wọ́, wọ́n dúró bí ère, mo sì ní kí kíláàsì máa béèrè. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi ẹ̀gbọ́n léraléra: « Pourquoi ? » Ó kọ́kọ́ dáhùn pé ọmọ ọ̀tá ni wọ́n. Ó tún ní oúnjẹ kò tó. Nígbà tí wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó dákẹ́ pẹ́, ó wá sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní Yorùbá pé: « Bí mo bá wò wọ́n, màá máa rántí pé n kò lè gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. » Ọmọ ọdún 15 ni ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀. A kò sọ fún un kí ó túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé títí di ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí gbogbo kíláàsì kọ lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n náà ìbá kọ sí àbúrò rẹ̀ ká ní ó mọ̀wé. Nínú gbogbo ohun tí àwọn ọmọ ti kọ fún mi ní Faransé, àwọn lẹ́tà náà ni mo ṣì ń kó pamọ́.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn sí i. Bàbá ọmọkùnrin kan tí bébà sọ di ọmọ ogun Dàhòmì wá sí ilé-ìwé. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n béèrè ilé àti ọmọ, wọ́n sì jókòó kí wọ́n tó sọ ohun tí ó gbé wọn wá: ìyá àwọn bàbá àwọn wà lára àwọn tí a kó lọ tí kò padà, ọmọ àwọn kò ní dúró níwájú ènìyàn kí ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ogun Glèlè, ìbáà ṣe eré, ìbáà ṣe àwàdà. Mo ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin, wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà yé àwọn, ṣùgbọ́n àwọn kò fọwọ́ sí i. Ọmọ náà kúrò nínú ipò, ó di ẹni tí ń ka ìtàn láàrin ìran kan sí òmíràn, ó sì kà á dáadáa. Èmi àti bàbá rẹ̀ ṣì ń kí ara wa lójú ọ̀nà ọjà. Wọn kò yí ọkàn padà, n kò sì rò pé ó yẹ kí n fi ipá yí i. Ìrántí tí ó wà lọ́wọ́ ẹbí kì í ṣe ohun èlò ìkọ́ni tí olùkọ́ lè mú láìtọrọ.

Àwọn òbí mìíràn kò bá ogun wí, BEPC ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní ìdánwò kì í béèrè eré, òótọ́ ni. Wọ́n ní àkókò kò tó, òótọ́ náà ni: ohun tí àtẹ ń gbà ní wákàtí kan, eré a gbà ní méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Nítorí náà n kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ báyìí. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a kàn ní láti há sórí, a ó há a sórí, pẹ̀lú àtẹ àti ohùn rara, bí wọ́n ti ṣe fún wa. Ibi tí ẹ̀kọ́ bá ti dá lé ẹnì kan tí ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nìkan ni mo ti ń pe agbo. Ariwo sì ń bẹ, n kò lè purọ́. Ẹlẹgbẹ́ mi oníṣirò ní kíláàsì kejì ti kan ògiri fún wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, mo sì ti kọ́ láti máa wo àkókò ìdánwò tirẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ní sáà yìí, àwọn ọmọ fúnra wọn ló mú ọ̀ràn wá: ọlọ́pàá mú ẹni tí ń ta epo kpayo ní etí títì, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ « si » àti « conditionnel » ni a fẹ́ fi kọ́. Kò sí ibi tí « si j'avais su » ti wúlò tó iwájú adájọ́. Nígbà tí mo bi wọ́n ta ni kpayo ń bọ́ nínú ilé rẹ̀, ọwọ́ mẹ́tàdínlógún ló lọ sókè. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbé ọwọ́ náà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé òun ni yóò ṣe adájọ́, kí n má wulẹ̀ ka bébà sínú fìlà.